Ọ̀wẹ̀ Kọ̀ǹpútà: Ẹ Pọ́n Ọkọ́ Ọwọ́ Yín Kí Ẹ Tó Ra Tuntun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Ọ̀rọ̀ tí a bá wá jẹ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ Akọ́kà, Yàbá, Ṣúúrùlérè àti Ìkẹjà tí wọ́n ń yọ̀ǹda láptọ́ọ̀pù wọn kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa fi ṣe ìṣirò. Inú wa dùn sí ohun tí wọ́n ń ṣe. Èyí tó ń dùn wá ni ọ̀rọ̀ kan tó gba ẹnu wọn, pé tókùnbọ̀ ọwọ́ àwọn ti gbó jù fún iṣẹ́ náà, àfi kí àwọn wá owó ẹ̀rọ tuntun. Ẹlòmíì ti pa á tì nítorí ìyẹn. A fẹ́ sọ ọ́ kedere lójú ìwé yín pé lórí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, processor, ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà, kọ́ ló ń lọ́ra. Áàpù tí wọn kò kọ kó bá a mu ni, tàbí ooru tó so ó lọ́wọ́, tàbí mẹ́mọ́rì (RAM) tí kò tó o lò. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe, èyí tó sì wọ́n jù níbẹ̀ kò ju owó mẹ́mọ́rì kan lọ.

Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Bí oko bá ju agbára àgbẹ̀ lọ, á bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀, kálukú á gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá, á sì gba poro tirẹ̀. Ohun tí Yunifásítì California ní Berkeley ṣe gan-an nìyẹn nígbà tó dá SETI@home sílẹ̀ ní May 17, 1999. Ariwo ojú ọ̀run tí ẹ̀rọ ńlá Arecibo ní Puerto Rico gbà sílẹ̀ ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé. SETI@home dáwọ́ pípín iṣẹ́ dúró ní March 31, 2020, ṣùgbọ́n BOINC, áàpù tí David Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley kọ́ fún irú iṣẹ́ yìí, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Einstein@Home ń fi wá ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pulsar. Rosetta@home ń fi wo bí protein ṣe ń ká mọ́ra, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí David Baker ní Yunifásítì Washington, ẹni tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2024. Folding@home ní áàpù tirẹ̀ láti 2000. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé oko àjèjì nìkan là ń bá wọn ro. Títí di 2016 ni malariacontrol.net, ètò Swiss Tropical Institute, fi ń bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ láti ṣírò bí ibà ṣe ń ràn nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 2019, World Community Grid, tó ń kó oríṣiríṣi ètò ọ̀wẹ̀ jọ, gba ètò kan wọlé láti Yunifásítì Delft ní Netherlands, ìṣirò òjò ilẹ̀ Áfíríkà gúúsù Sàhárà ni.

Ẹni tó bá wá sí ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti kú, agbára rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹnu ọkọ́ náà.

Processor ní àkójọ àṣẹ tó gbọ́. Láyé ìjelòó, àṣẹ kan, nọ́ńbà kan ni. Bí ẹ bá ní àròpọ̀ mẹ́rin láti ṣe, ẹ ó pàṣẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn baba wa kì í ka owó ẹyọ ní oókan-oókan. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fà á sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka ọ̀kẹ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn tó ń ṣe processor dá. SSE2, àkójọ àṣẹ tó bá Pentium 4 ti Intel dé ní 2000, ń mú nọ́ńbà onídẹ́símà gígùn méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. AVX, tó bá Core i ìran kejì dé ní 2011, ń mú mẹ́rin. Ní 2013, ìran kẹrin mú AVX2 àti FMA wá. Mẹ́rin náà ni, ṣùgbọ́n FMA ń ṣe ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ pọ̀ nínú àṣẹ kan.

Áàpù tí wọ́n kọ fún tẹrú-tọmọ sábà máa ń dúró sí SSE2, torí ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ kó kọ̀ lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ gbé irú rẹ̀ sórí HP EliteBook 840 G1 tó ní Core i5-4300U nínú, irú èyí tí ẹ máa rí ní ìsọ̀ tókùnbọ̀ ní Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà: ọwọ́ mẹ́rin ni processor yẹn ní, méjì péré ló fi ń ṣiṣẹ́ fún yín. Òun ni ẹ ń pè ní ògbólógbòó.

Láti mọ ìran tí processor yín wà, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i3, i5 tàbí i7. 2520M tó wà nínú EliteBook 8460p, ìran kejì ni. 3320M ti 8470p, ìran kẹta. Àwọn méjèèjì ní AVX, wọn kò ní AVX2. 4300U ní gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún Celeron àti Pentium tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọdún kan náà: wọn kò ní AVX rárá, kódà bí ara wọn bá ń dán. Ẹ má sì gba sítíkà tó wà lójú láptọ́ọ̀pù gbọ́, wọ́n lè ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Ẹ ṣí BOINC Manager, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti E pọ̀ kí Event Log yọ. Lára àwọn ìlà tó kọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ ó rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Processor features". Ẹ wá sse2, avx, avx2 àti fma níbẹ̀. Lórí Linux, ẹ tẹ lscpu, iṣẹ́ ti parí.

Ohun méjì ló máa ń dènà AVX, tàbí kó dín agbára rẹ̀ kù, lórí ẹ̀rọ tó ní in. Èkíní ni Windows 7 tí kò ní Service Pack 1: kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú àkójọ AVX, nítorí náà áàpù kò ní lè lò ó. Èkejì ni Windows bit 32, tí àwọn kan ń fi sórí tókùnbọ̀ kékeré kí ó lè yá. Kì í jẹ́ kó yá fún irú iṣẹ́ yìí. Lábẹ́ bit 32, ibi ìkónọ́ńbà sí mẹ́jọ péré ni áàpù ń rí nínú processor; lábẹ́ bit 64, mẹ́rìndínlógún ni. Ọ̀pọ̀ ètò kì í tilẹ̀ fún bit 32 níṣẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá wá áàpù tó bá ẹ̀rọ yín mu. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ jẹ́ kí ètò náà yàn án fúnra rẹ̀. Asteroids@home ti Yunifásítì Charles ní Prague ní ẹ̀dà SSE2, SSE3 àti AVX lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, sáfà rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́, á sì dán wọn wò lórí ẹ̀rọ yín. Folding@home náà ń yan tirẹ̀, ẹ ó rí SIMD (irú àkójọ àṣẹ bíi SSE2 tàbí AVX) tó yàn nínú log rẹ̀, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Sùúrù ló gbà. Sáfà BOINC kì í mọ èyí tó yá jù lórí ẹ̀rọ kan títí tí iṣẹ́ bíi mẹ́wàá tó yege yóò fi ti ọ̀dọ̀ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan padà. Ẹni tó bá ń tún BOINC gbé sórí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó lè máa dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì gba ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Nígbà ayé SETI@home, torí pé àwọn tó kọ áàpù náà fi í síta fún gbogbo ènìyàn láti kà, àwọn ọlọ́wẹ̀ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Lunatics tún un kọ fún SSE3, SSSE3 àti AVX. Fáìlì app_info.xml ni wọ́n fi ń sọ fún BOINC pé kó lo èyí tí àwọn mú wá. Ọ̀nà náà ṣì wà fún ètò tó bá gbà á láyè. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á ju app_info.xml sí fólúdà nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, gbogbo iṣẹ́ náà á sì ṣòfò, torí BOINC kò ní mọ áàpù tí wọ́n jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹ tẹ "No new tasks" lórí ètò náà ná. Ẹ jẹ́ kí èyí tó wà nílẹ̀ parí. Ẹ tẹ "Update" kó ròyìn rẹ̀. Ẹ pa BOINC pátápátá, kì í ṣe ojú fèrèsé rẹ̀ nìkan. Ìgbà náà ni kí ẹ tó fi áàpù àti app_info.xml sínú fólúdà ètò náà, tó wà lábẹ́ C:\ProgramData\BOINC\projects, kí ẹ tún un tan, kí ẹ sì gba iṣẹ́ méjì péré láti fi dán an wò. Ẹ má gba áàpù àdàmọ̀dì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá kọ nọ́ńbà SHA-256 (àmì ìdánimọ̀ fáìlì) sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ pa á rẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ kọ ọ́ fúnra yín, àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó àti Yabatech tó mọ C tàbí C++ ni a ń bá wí níbí. Ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tí àkókò ń lọ, perf, áàpù tó ń wọn àkókò lórí Linux, á sọ ọ́ fún yín. Òfin Amdahl ti 1967 kò tíì yí: bí ibi kan bá ń gba 60 nínú 100 àkókò áàpù, tí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin ní yíyá, 60 náà á di 15, 40 yòókù á wà bó ṣe wà, àpapọ̀ á jẹ́ 55. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 1.8, kì í ṣe mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ́n ibi tó ń gba 5 nínú 100. Ẹ tò dátà yín kí gbogbo x wà lójú kan, gbogbo y lójú kan, gbogbo z lójú kan. Bí ẹ bá tò ó ní x, y, z, x, y, z, AVX á máa ṣa wọn kiri kó tó lè gbá mẹ́rin mú. Kí ìbẹ̀rẹ̀ àkójọ kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí àádírẹ́sì tó ṣeé pín sí 32 byte. Fún gcc, tó ń sọ kóòdù di áàpù, -O3 àti -march=x86-64-v3 bá ìran kẹrin lọ sókè mu; -march=sandybridge ni ti ìran kejì. A bẹ̀ yín, ẹ má fi -march=native kọ áàpù tí ẹ óò fún ẹlòmíì. Yóò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, á sì kú lójú ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kéré sí tiyín. Bí ẹ bá rí 0xc000001d lórí Windows tàbí "Illegal instruction" lórí Linux, àìsàn rẹ̀ nìyẹn: áàpù ti pàṣẹ tí processor kò gbọ́.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sójú. Bí nọ́ńbà bá kéré títí tó fi rẹlẹ̀ ju 2.2 × 10⁻³⁰⁸ lọ, ó ti di ohun tí wọ́n ń pè ní denormal, ìṣirò kan ṣoṣo lórí rẹ̀ sì lè jẹ ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí irú processor tí a ń sọ yìí. Áàpù á ṣàdédé máa wọ́, ẹ ó sì máa wá ẹ̀bi rẹ̀ sọ́dọ̀ ooru. Àṣẹ méjì tí wọ́n ń pè ní FTZ àti DAZ á sọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ di òfo, tí iṣẹ́ ètò náà bá gba irú rẹ̀ láyè.

Àbí kí ni èrè ìṣirò tó yá tí kò péye? Èyí ló ká wa lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ètò BOINC máa ń fi iṣẹ́ kan náà rán kọ̀ǹpútà méjì, wọ́n á wá fi èsì wọn wé ara wọn. FMA ń gé ìdá nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, níbi tí ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ tó dá dúró yóò ti gé e lẹ́ẹ̀mejì. Ìparí nọ́ńbà á yàtọ̀ díẹ̀. Ètò tó mọ iṣẹ́ á fàyè gba ìwọ̀nba ìyàtọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n -ffast-math ń gba gcc láyè láti da ètò àròpọ̀ rú, kó máa ṣe bíi pé NaN (èsì tí kì í ṣe nọ́ńbà) kò sí láyé, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì lè kọjá ohun tí ètò gbà. Ẹ ó wá rí "Invalid" lójú ìwé àkáǹtì yín lórí ètò náà. Ìyẹn ni pé iná jó, ooru mú, iṣẹ́ kò sí, ẹlòmíì sì gbọ́dọ̀ tún poro náà ro. Ẹ mú iṣẹ́ kan, ẹ fi áàpù àtijọ́ ṣe é, ẹ fi tuntun ṣe é, kí ẹ tó gbé tuntun jáde ẹ fi èsì méjèèjì wé ara wọn ní nọ́ńbà sí nọ́ńbà.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè máa purọ́ náà. Prime95, áàpù George Woltman tó dá GIMPS sílẹ̀ ní 1996 fún wíwá nọ́ńbà prime ńláńlá, ní ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní Torture Test. Woltman fi ọwọ́ kọ ìṣirò inú rẹ̀ ní assembly (èdè tó sún mọ́ ti processor jù), ó ń tún un ṣe bí ìran processor ṣe ń yọ, ìdí nìyẹn tó fi ń lo AVX dáadáa. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Bó bá kọ "Rounding was 0.5, expected less than 0.4", mẹ́mọ́rì tàbí processor yín ń ṣìṣe, ẹ má fi ẹ̀rọ náà lọ sí ọ̀wẹ̀ kankan títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Ní ti iye iṣẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, 4300U ní core méjì, Windows sì ń rí i bíi mẹ́rin, torí core (ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò nínú processor) kọ̀ọ̀kan ń gba thread méjì, ìyẹn iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. BOINC á gbé iṣẹ́ mẹ́rin sílẹ̀. Nígbà mìíràn èyí dára, nígbà mìíràn ó burú, cache ló ń sọ ọ́. Cache dà bí igbá ata tó wà níwájú ìyá alátà, RAM ni àpò tó wà lẹ́yìn ìsọ̀. Bó bá ti di pé gbogbo oníbàárà ló ń rán an lọ sẹ́yìn, ọjà á fà. 3 MB ni igbá 4300U. Ká ní iṣẹ́ kan láti PrimeGrid, ètò BOINC tó ń wá nọ́ńbà prime, ń lo FFT 256K (ọ̀nà ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà ńlá): 256 × 1024 nọ́ńbà, byte 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 2 MB nìyẹn. Ẹyọ kan wọnú igbá. Méjì di 4 MB, ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Mẹ́rin ni kẹ́ ẹ má tilẹ̀ dá lábàá. Ohun tó tọ́ ni iṣẹ́ kan tí core méjèèjì jọ gbé. Ojú ìwé PrimeGrid ní ibi tí a ti ń yan iye thread fún iṣẹ́ kan. Fún ètò tí kò ní i, ẹ kọ èyí sínú app_config.xml nínú fólúdà rẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ má ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tẹ "Read config files":

<app_config>
  <project_max_concurrent>2</project_max_concurrent>
</app_config>

Iṣẹ́ tí kò gba mẹ́mọ́rì púpọ̀, ẹ jẹ́ kó gba thread mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iye tó ń parí lójúmọ́ ni kí ẹ kà, ẹ má wo ti ẹyọ kan. Ẹni tó ní désíkítọ́ọ̀pù oníthread mẹ́jọ tó sì ń lo Folding@home, ẹ yàgò fún méje: ìṣirò inú rẹ̀ ń pín ààyè sí ìpín dọ́gbadọ́gba, méje kì í sì í ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní mẹ́fà tàbí mẹ́jọ.

Mẹ́mọ́rì ni owó tó jọjú kan ṣoṣo tí a ní kẹ́ ẹ ná. EliteBook yẹn ní ojúhò méjì fún RAM. DDR3 1600 kan ń gbé 12.8 GB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, méjì tó bára mu ń gbé 25.6. Bí ẹ bá ń lọ sí Ọ̀tígbà, ẹ sọ fún olùtajà pé DDR3L lẹ fẹ́, tó ń lo fóòtì 1.35. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání kí wọ́n fi dán an wò lójú yín.

Ooru wá ńkọ́? Bí inú 4300U bá ti ń sún mọ́ 100°C, á dín ìsáré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jó. Èyí tó yẹ kó máa sáré dé 2.9 GHz lè wálẹ̀ sí 1.9 tàbí kó tún rẹlẹ̀ sí i. Áàpù AVX sì ń mú un gbóná ju SSE2 lọ, torí gbogbo ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi HWiNFO wò ó, tàbí sensors lórí Linux, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 tí iṣẹ́ ti ń lọ. Bó bá ti ń kọjá 90, ẹ tú u. Eruku ọyẹ́ àti ti títì máa ń dì bí aṣọ sí ẹnu irin tí atẹ́gùn ń gbà jáde, láàárín fáànù àti irin náà, níbi tí ẹni tó fẹ́ ẹ láti ìta kò lè rí i. Ẹ di fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a lọ. Ẹ nu thermal paste tó ti gbẹ kúrò pẹ̀lú sípírítì tó le, aṣọ tí kì í hu òwú sì ni kí ẹ lò. Ẹ kán tuntun tó tó hóró ìrẹsì sí àárín. Ẹ dè é padà ní ìkọjá síra: igun kan, lẹ́yìn náà igun tó kọjú sí i, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá de ẹ̀gbẹ́ kan pa kí ẹ tó kan èkejì, irin á dúró gẹ̀gẹ̀, á sì tún máa gbóná.

Ìmọ̀ràn kan wà tó ń kiri, pé kí ẹ sọ "Use at most … % of CPU time" di 50 kí ẹ̀rọ má baà gbóná. Kò dára. Ohun tí BOINC ń ṣe nígbà náà ni pé ó ń dá iṣẹ́ dúró, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀, dúró, bẹ̀rẹ̀, ooru ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ láìsinmi, iṣẹ́ tí core méjì jọ gbé á sì máa dúró de ara wọn. Ẹ fi ìyẹn sí 100. Iye CPU ni kí ẹ dín kù: 50 nínú 100 lórí thread mẹ́rin, iṣẹ́ méjì nìyẹn. Bó bá ṣì gbóná, ẹ lọ sí Power Options lórí Windows, kí ẹ sọ Maximum processor state di 99. Turbo, ìsáré àfikún rẹ̀, á kú, ooru á rọlẹ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni ọ̀pọ̀ òbí máa bi yín. Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ wáàtì 40 láti àárọ̀ dé àárọ̀ á jẹ yúníìtì 0.96. Ní N209.50 tí àwọn Band A (àwọn tó ń rí iná jù) bẹ̀rẹ̀ sí í san fún yúníìtì kan ní July 2024, bíi N201 lóòjọ́ nìyẹn, bíi N6,000 lóṣù. Owó ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ́ mímú ti wúlò jù fún wa níbí: iṣẹ́ tó gba wákàtí 5 tẹ́lẹ̀, bó bá di wákàtí 3 lórí wáàtì 40 kan náà, yúníìtì 0.2 ti di 0.12. Orí jẹnẹrétọ̀, ẹ má ṣe é rárá. Ẹ fi "Suspend when computer is on battery" sílẹ̀ bó ṣe wà, kó má baà máa jẹ bátìrì nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Désíkítọ́ọ̀pù kò ní bátìrì. Bí iná bá lọ, ohun tó bá ti ṣe láti ìgbà tó kọ nǹkan sí díìsìkì gbẹ̀yìn ti lọ nìyẹn. Ìṣẹ́jú-àáyá 60 ni BOINC fi sílẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di ńlá. Ẹ fi "Store at least" sí 0.1 ọjọ́, kí "additional" má ju 0.5 lọ, kí iṣẹ́ má baà kójọ sílẹ̀ kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá lé e. Àwọn iṣẹ́ climateprediction.net (ìṣirò ojú ọjọ́), tí ọ̀kan lè gba ọjọ́ púpọ̀, kì í fẹ́ kí iná máa já lé wọn lórí. Àdúgbò tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú kò yẹ fún wọn. LHC@home ní iṣẹ́ tó ń lo VirtualBox, áàpù tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà yín, ó ń jẹ RAM àti dátà. Ẹni tó ní 4 GB kó má gbà á.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ má fi "Run CPU benchmarks" mọ̀ bóyá ó yá. Ìdánwò àtijọ́ méjì, Whetstone àti Dhrystone, ló ń lò, wọn kì í wọn AVX, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ lè má yí rárá. Iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú àti mẹ́wàá lẹ́yìn, láti ètò kan náà, irú kan náà, ni kí ẹ kọ sílẹ̀: àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, àti iye tó jẹ́ "Valid".

Ọ̀rọ̀ tó kù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Marina àti Broad Street, ní iléèwé tàbí ní káfè ni a fẹ́ sọ ọ́ fún. Òfin BOINC ni pé orí ẹ̀rọ tí ó jẹ́ tiyín, tàbí tí ẹni tó ni ín gbà yín láyè, nìkan ni kí ẹ fi í sí. Ẹ gba àṣẹ náà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ iye yúníìtì tí yóò jẹ lóṣù fún un kí ó tó fọwọ́ sí i.

Àwa ni,
Àwọn òǹkàwé yín tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó sì ń kọ áàpù,
Yàbá, Èkó.